Ilẹ̀ Kòkó àti Ìtàn Ìlú: Oríṣiríṣi Ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àti Ipò Ìbàdàn láàárín Wọn

Ìfáárà

Lára ìgò wáìnì tí ó bá ti ilẹ̀ Faransé wá, orúkọ ibi tí àjàrà ti hù ni ó máa ń hàn jù. Ní agbègbè Burgundy, oko méjì tí ọ̀nà tóóró kan pín níyà lè máa so irú àjàrà kan náà, kí owó wáìnì wọn sì jìnnà sí ara wọn gidigidi. Ọ̀kan wà ní agbedeméjì òkè, níbi tí òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀ tí omi sì ń rí ọ̀nà lọ. Èkejì wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí amọ̀ ti jinlẹ̀ tí omi sì ń dúró. Òfin tí ìjọba Faransé ṣe ní 1935 sọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ di ohun tí ilé-ẹjọ́ lè gbèjà.

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ilẹ̀ àjàrà, ṣùgbọ́n irè oko kan wà níbẹ̀ tí kì í fi ojú kan náà wo gbogbo ilẹ̀. Kòkó ni. Láti nǹkan bí 1880 ni wọ́n ti ń gbìn ín, ilẹ̀ tí ó sì gbà á láti Agége dé Oǹdó yàtọ̀ síra púpọ̀. Síbẹ̀, àpò kòkó kì í gbé orúkọ ilẹ̀ tí ó ti hù dé ọjà. Gíréèdì ni wọ́n fi ń tà á, ohun tí gíréèdì sì ń wò ni bí àgbẹ̀ ṣe bò ó kí ó lè kan, bí ó ṣe sá a gbẹ tó, àti bóyá ó bu tàbí kò bu. Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìwó, kò kan olùyẹ̀wò kòkó.

Ìbéèrè tí ó dìde ni èyí: bí ìyàtọ̀ ilẹ̀ kò bá hàn nínú owó kòkó, níbo ni ó ti hàn? Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ó hàn nínú ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń ṣí kiri, ó hàn nínú ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń san fún onílẹ̀, ó sì hàn nínú ipò Ìbàdàn, ìlú tí owó kòkó kọ́ ṣùgbọ́n tí kòkó fúnra rẹ̀ ń ṣí kúrò ní àyíká rẹ̀.

Iyanrìn Agége

J.P.L. Davies, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àti oníṣòwò ará Èkó, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọn, ní ìhà Agége, ní nǹkan bí 1880. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J.K. Coker àti àwọn oníṣòwò mìíràn da oko ńláńlá sí agbègbè kan náà. Wọ́n ní owó, wọ́n ní òṣìṣẹ́, èbúté kò sì jìnnà sí wọn. Ohun tí wọn kò ní ni ilẹ̀.

Ilẹ̀ Agége kì í ṣe èyí tí àpáta abẹ́ rẹ̀ jẹrà di. Iyanrìn àtijọ́ tí omi kó jọ ni. H. Vine, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní Nàìjíríà kí òmìnira tó dé, pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní iyanrìn kíkan, nítorí pé òjò ti fọ oúnjẹ igi jáde nínú rẹ̀ fún àìmọye ọdún. Kòkó àkọ́kọ́ ṣe dáadáa níbẹ̀ nítorí ilẹ̀dú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán ni ó ń jẹ. Nígbà tí ilẹ̀dú náà tán, ìsàlẹ̀ kò ní ohun kan láti fi rọ́pò rẹ̀. Kí ó tó di 1940, obì gbànja ti gba ipò kòkó lọ́wọ́ rẹ̀. Agége di ìlú obì, tí ọkọ̀ ojú irin ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Òkè Ọya.

Kò yẹ kí a ka ìtàn Agége sí ìjákulẹ̀ lásán. Àwọn lébìrà tí wọ́n ti òkè wá ṣiṣẹ́ ní àwọn oko náà ni wọ́n kó irúgbìn àti ìmọ̀ padà sí ìlú wọn. Bí ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kòkó gbéra lórí ilẹ̀ tí kò gbà á, ó ń wá èyí tí yóò gbà á.

Ìbàdàn ní ojú àgbẹ̀

Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ogun Kírìjì ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tú ká ní tòótọ́. Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1975 lórí kòkó àti àyípadà àwùjọ ní ìgbèríko Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tọ́ka sí i pé àwọn jagunjagun Ìbàdàn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbin kòkó. Ogun tán, ẹrú kò tún sí láti kó, àwọn ará ilé sì ń fẹ́ jẹun.

Ibi tí wọ́n gbìn ín sí yẹ fún àkíyèsí. Ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn ni wọ́n kọjú sí, sínú igbó tí ó lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ọ̀nà Ifẹ̀. Wọn kò kọjú sí àríwá, nítorí pé kí ènìyàn tó dé Ọ̀yọ́ ni igbó ti ń di ọ̀dàn. Wọn kò sì gbìn ín sí orí òkè tí ìlú wà. Òkè Màpó àti Òkè Àrẹ̀mọ jókòó lórí àpáta funfun líle tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ó dára fún ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ̀tá, kò sì ní ohun púpọ̀ fún gbòǹgbò. Àwọn tí wọ́n tẹ ìlú dó ń wá ibi ìsádi, àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ní láti lọ wá ilẹ̀.

Kì í ṣe àfẹnujẹ́ ni pé àgbẹ̀ mọ ilẹ̀ yàn. Igi tí ó wà lórí ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó ṣán igbó. Ibi tí ìrókò àti àràbà bá ti ga, tí ilẹ̀dú sì nípọn, a gbà pé ọwọ́ ilẹ̀ náà tutù. Yóò fi àdá tàbí ọkọ́ gbẹ́ ẹ wò. Bí irin bá bá yangí pàdé kí ó tó wọlẹ̀, yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gẹ́. Bí ó bá bá amọ̀ pupa tí ó lẹ̀ mọ́ irin tí òkúta wẹ́wẹ́ kò sì pọ̀ nínú rẹ̀, ó ti rí ohun tí ó ń wá. Àkùrọ̀ etí odò wà fún ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì. Ní kúkúrú, àgbẹ̀ ti pín ilẹ̀ láti orí òkè dé etí odò kí onímọ̀ kan tó wá pín in.

Ìjọba ní èrò tirẹ̀. Òwú ni wọ́n ń fẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ ahunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò òwú sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ilẹ̀ Moor Plantation ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ní àkókò kan náà tí wọ́n ń rọ àgbẹ̀ láti gbin òwú ni àgbẹ̀ ń gbin kòkó láìsí ẹni tí ó rọ̀ ọ́.

Orúkọ ìletò di orúkọ ilẹ̀

Ní 1962 ni ìwé A.J. Smyth àti R.F. Montgomery jáde ní Ìbàdàn, lórí ilẹ̀ àti ìlò ilẹ̀ ní àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Kò tí ì sí ìwé kan lórí ilẹ̀ kòkó ní Nàìjíríà tí wọ́n ń tọ́ka sí tó o. Ìlànà rẹ̀ rọrùn. Irú àpáta tí ó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n fi pín ilẹ̀ sí agbo. Nínú agbo kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún pín in sí ẹ̀yà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yí padà láti orí òkè dé ẹsẹ̀ òkè. Orúkọ ìlú tàbí ìletò tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ilẹ̀ kan ni wọ́n fún un. Nípa bẹ́ẹ̀ ni Iwo, Egbeda, Ondo, Itagunmodi, Mamu àti Okemesi ṣe di orúkọ ilẹ̀. (Bí àwòrán ilẹ̀ ṣe kọ wọ́n láìfi àmì sí ni wọ́n wà níhìn-ín, kí wọ́n má baà dàrú mọ́ àwọn ìlú náà gan-an.)

Agbo Iwo wá láti ara àpáta tí hóró rẹ̀ tóbi. Iyanrìn ni òkè rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, yóò bá òkúta wẹ́wẹ́ àti òkúta funfun pàdé kí ó tó kan amọ̀. Egbeda wá láti ara àpáta tí hóró rẹ̀ kúnná, tí ohun dúdú dídán pọ̀ nínú rẹ̀. Amọ̀ rẹ̀ súnmọ́ òkè, ó sì pupa. Ondo wà láàárín àwọn méjèèjì. Itagunmodi, tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ìletò kan lẹ́bàá Iléṣà, ni amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù: ilẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí òkúta kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀, tí àpáta dúdú abẹ́ rẹ̀ sì ń fún ní oúnjẹ igi. Mamu, ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, àti Okemesi, ní orí àwọn òkè olókùúta, kò ní ohun púpọ̀ fún kòkó. Ẹ̀yà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Gambari. Ẹni tí ó bá mọ yangí kò nílò àlàyé lórí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkè ni Apomu wà, iyanrìn tí omi òjò wọ́ wá. Jago sì wà ní etí odò gan-an.

Ohun tí Smyth tẹnu mọ́, nínú ìwé yìí àti nínú èyí tí ó kọ fún àjọ FAO ní 1966 lórí yíyan ilẹ̀ fún kòkó, ni pé oúnjẹ inú ilẹ̀ nìkan kò tó. Omi ni ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ kòkó gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún láìsí ohun tí yóò dí gbòǹgbò, ó sì gbọ́dọ̀ lè di omi mú títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá. Òjò Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí 1,200 sí 1,300 mìlímítà lọ́dún, oṣù mẹ́rin sí márùn-ún sì wà tí òjò kì í pọ̀. Ti Oǹdó ju 1,500 lọ, ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ sì kúrú. Nítorí náà, ilẹ̀ tí ó lè gba kòkó ní Oǹdó lè má gbà á ní Ìbàdàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ irú kan náà. Ibi tí òjò kò bá pọ̀ ni amọ̀ ti ṣe pàtàkì jù. Amọ̀ ni àmù tí ilẹ̀ fi ń pọn omi pamọ́ de ọyẹ́.

Kì í ṣe pé bí òjò bá ti pọ̀ tó ni ó dára tó. Ní Gold Coast, C.F. Charter, tí ó pín ilẹ̀ igbó ibẹ̀ sí ìsọ̀rí, fi hàn pé ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù tí òjò ti pọ̀ jù, ilẹ̀ kan, oúnjẹ rẹ̀ sì ti wẹ̀ lọ. Kòkó kò ṣe dáadáa níbẹ̀ bí ó ti ṣe lórí ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ mọ níwọ̀n. Agége àti Ìbàdàn wà ní ìpẹ̀kun méjì ọ̀rọ̀ kan náà.

Àrùn tàbí ilẹ̀?

Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní àyíká Ìbàdàn, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a mọ̀ ní Gold Coast. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi tí ó ní àrùn, àgbẹ̀ sì ń bínú, nítorí igi tí wọ́n ń gé ṣì ń so. Nígbà tí ó di 1950, ó hàn gbangba pé àrùn náà ti gbilẹ̀ kọjá gígé ní àwọn ibi tí ó ti le jù, wọ́n sì jáwọ́ níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi àrùn yìí nìkan ṣàlàyé bí kòkó Ìbàdàn ṣe rẹ̀yìn. Àlàyé náà kò dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, nítorí àrùn wú ẹ̀ka kòkó níbòmíràn tí kòkó kò sì parẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fi ilẹ̀ nìkan ṣàlàyé yóò bá Ẹ̀gbẹ́dá pàdé lójú ọ̀nà Ifẹ̀: ilẹ̀ tí ìwé 1962 kà mọ́ èyí tí ó dára fún kòkó gba orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, kòkó ibẹ̀ sì darúgbó ó sì ṣàìsàn bíi ti àwọn yòókù. Ohun tí ó bá ẹ̀rí mu jù ni pé ilẹ̀ ni ó ń sọ bóyá oko yóò ṣe é tún dá. Igi tí ó bá kú lórí ilẹ̀ amọ̀ tí ó jinlẹ̀, ọmọ tuntun lè dìde ní ààyè rẹ̀. Lórí iyanrìn olókùúta, tí ilẹ̀dú ti tán tí igbó ìbòòji sì ti lọ, ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ni yóò pa ọmọ igi náà. Nígbà tí R. Galletti, K.D.S. Baldwin àti I.O. Dina tẹ ìwádìí wọn lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó Nàìjíríà jáde ní 1956, Ìbàdàn ti di ilé àgbà nínú iṣẹ́ náà.

Ìṣákọ́lẹ̀: owó tí ilẹ̀ gbà

Àwọn àgbẹ̀ kò dúró de àwòrán ilẹ̀. Ṣáájú 1962 fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Modákẹ́kẹ́ ti ń lọ sí igbó Ifẹ̀, tí wọ́n sì ń wọ ti Oǹdó lọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ bá òjò àti amọ̀ mu lọ́nà tí ó yani lẹ́nu: láti Iwo sí Egbeda, láti Egbeda sí Itagunmodi àti Ondo. Polly Hill rí irú ìṣíkiri bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó gúúsù Ghana nínú ìwé rẹ̀ ti 1963, ṣùgbọ́n níbẹ̀ wọ́n ń ra ilẹ̀ pátápátá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, onílẹ̀ kì í sábà tà á. Ó ń fi í fúnni, ẹni tí ó gbà á sì ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ kò ju iṣu, obì tàbí epo díẹ̀ lọ, èyí tí ó fi hàn pé àlejò mọ onílẹ̀ ní olówó ilẹ̀. Kòkó yí i padà. Igi tí ó ń so fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò dà bí iṣu. Ẹni tí ó gbìn ín kò tètè ní lọ mọ́. Onílẹ̀ wá ń béèrè kòkó fúnra rẹ̀, lọ́dọọdún. Níhìn-ín ni dídára ilẹ̀ ti rí owó tirẹ̀ gbà, owó tí ọjà àgbáyé kò fún un rí. Níhìn-ín náà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1940 sí 1950, ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ lórí kòkó wà lára ohun tí ó da Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ rú; òfin ilẹ̀ ti 1978 kò pa á rẹ́, ogun tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn ní 1981 àti ní ìparí ọdún 1990 sí 2000. Àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn ìjà wọ̀nyí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ oyè àti ìtàn ìdásílẹ̀, èyí sì tọ́. Ó yẹ kí wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Owó dé Dùgbẹ̀

Mákẹ́ẹ̀tìn Bọ́ọ̀dù tí ó ń ra kòkó láti 1947, tí ó sì di ti Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, dá èrè sí láàárín owó tí ó fún àgbẹ̀ àti èyí tí ó gbà ní òkè òkun. Lára owó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ti rí ohun ná. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní 1959. Ilé Bódìjà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀mọ̀wé ní ìparí ọdún 1950 sí 1960, wọ́n kọ́ pápá ìṣeré Liberty sí ìhà Ring Road ní 1960, Cocoa House sì yọrí ní Dùgbẹ̀ ní 1965, alájà 26, tí kò sí ilé tí ó ga tó o ní gbogbo ìlú. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá béèrè ibi tí kòkó tí ó kọ́ wọn ti hù, ìdáhùn náà ń sún sí ìlà-oòrùn bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Àgbẹ̀ tí ó kù ní ìgbèríko Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ náà há mọ́ jù. Igi rẹ̀ ti gbó, ilẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀, wọ́n sì ti dín owó kòkó kù sí nǹkan bí ìdajì ní 1965. Owó orí kò wo ìyẹn. Bí gíréèdì ṣe fojú kan náà wo gbogbo ilẹ̀ ni owó orí náà ṣe é. Ní oṣù kọkànlá 1968 ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà kọ lu Màpó. Ìhà Akanran, tí ó wà lára ilẹ̀ kòkó àtijọ́, ni agbára wọn wà, Tàfá Adéoyè sì jẹ́ aṣáájú wọn. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí àgbẹ̀ máa san 30 ṣílè péré. Nígbà tí wọ́n parí ìjà ní 1969, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ ẹ̀wọ̀n Àgodi, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ti bá wọn sọ̀rọ̀, £2 ni wọ́n fẹnu kò sí. Ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ nìkan, owó ìdọ̀tí àwọn agbowó orí àti ìwà àwọn olóyè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ìdí tí ọ̀tẹ̀ fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ ní àyíká Ìbàdàn, níbi tí kòkó ti ń kú, ju ní ìhà Oǹdó lọ, níbi tí ó ti ń so.

Ilẹ̀ tí ó kù

Ìwádìí kò kúrò ní Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, fi Gàmbàrí ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ṣe ibùjókòó, ní ojú ọ̀nà tí ó gba Challenge lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ó ti tóbi tó níbẹ̀, ó ní láti ní ẹ̀ka ní Ọ̀wẹ̀nà, ní ilẹ̀ Oǹdó, kí ìdánwò rẹ̀ lè bá àgbẹ̀ mu. Ní 1967 ni IITA gba ilẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, lókè Agbowó. Nígbà tí F.R. Moormann, R. Lal àti A.S.R. Juo kọ ìwé lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní 1975, orúkọ àtijọ́ ni wọ́n bá pàdé: Iwo, Egbeda, Gambari, Apomu. Wọ́n fi hàn pé bí wọ́n bá ti ká igbó kúrò lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjò díẹ̀ ni yóò gbá òkè rẹ̀ lọ. Ní Agbowó àti Bódìjà, ilé àti ọ̀nà ọ̀dà ni ó bo èyí tí ó kù. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, Ògùnpa fi han àwọn ará ìlú ibi tí omi tí ilẹ̀ kò rí gbà mọ́ ń lọ.

Ní oṣù kejì 1976 ni wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbo Ondo bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Itagunmodi kù sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú Iwo. Iná jó Cocoa House ní oṣù kìn-ín-ní 1985, wọ́n sì tú Mákẹ́ẹ̀tìn Bọ́ọ̀dù ká ní 1986. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1991, Iléṣà àti Ifẹ̀ lọ, Itagunmodi sì bá wọn lọ. Ìlú Ìwó náà lọ. Ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Iwo ṣẹ́ kù sí Ìbàdàn, pẹ̀lú ìwọ̀nba Egbeda tí ilé kò tí ì bò.